"Ọjọ́ Mélòó Ni Yóò Gbà Yín?": Ìbéèrè Tí A Kò Fẹ́ Dáhùn Mọ́

Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ ní ṣókí ká tó máa ṣàlàyé: iye ọjọ́ tí a ń dá kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ sọ́fítíwìà, irọ́ ni lọ́pọ̀ ìgbà. Kì í ṣe irọ́ onírọ́. Irọ́ ẹni tí wọ́n fi dandan bi ní ohun tí kò lè mọ̀ ni. Ẹni tó béèrè mọ̀ pé a kò mọ̀, àwa náà mọ̀ pé a kò mọ̀, síbẹ̀ a ó jọ kọ nọ́ńbà kan sílẹ̀, a ó fọwọ́ sí i. Bí ọjọ́ náà bá wá pé tí iṣẹ́ kò tíì parí, nọ́ńbà tí a jọ fẹnu dá yìí yóò di ẹ̀rí pé ọ̀lẹ ni wá.

Àwa tí a ń kọ èyí, ọmọ Afijió ni wá, láti Fìdítì, Ìlọrà àti àwọn ìlú tó yí wọn ká. A ń kàwé lọ́wọ́, a sì ń kọ kóòdù fún ẹni tó bá nílò rẹ̀: ilé ìwé aládàáni, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ṣọ́ọ̀ṣì, oníṣòwò tó fẹ́ mọ iye ọjà tó kù ní ṣọ́ọ̀bù. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ìbéèrè àkọ́kọ́ rẹ̀ kì í ṣe "Ọjọ́ mélòó ni yóò gbà yín?" Ìbéèrè kejì ni "Èló ni?" Ìdáhùn èkejì dúró lórí ìdáhùn èkínní, nítorí náà bí èkínní bá wọ́, èkejì kò lè tọ́.

Àwọn àgbà wa nílé yóò ní kí ló le níbẹ̀? Ṣebí gbogbo oníṣẹ́ ọwọ́ ló ń fojú bu iṣẹ́. Òótọ́ ni. Àwa náà kò kọ́ ìfojúbù níbòmíràn, ilé la ti mọ̀ ọ́n. Obìnrin tó ń ra ọsàn ní Fìdítì lè dúró sí ìdí igi, kó wo òkè, kó yí i ká lẹ́ẹ̀kan, kó sọ iye apẹ̀rẹ̀ tí yóò jáde lórí rẹ̀, kó sì dúnàádúrà kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan ọsàn kan ṣoṣo. Bírikìlà tí ẹ bá mú lọ sórí ilẹ̀ òfìfo ní Ìlọrà, tí ẹ ní yàrá méjì àti pálọ̀ ni ẹ fẹ́ kọ́, yóò fẹsẹ̀ wọn ilẹ̀, yóò sì sọ iye búlọ́ọ̀kù. Ó mọ̀ pé nǹkan bí búlọ́ọ̀kù 10 ló ń lọ sí ògiri tó fẹ̀ ní mítà kan tó sì ga ní mítà kan. Ó ti mọ̀ ọ́n kó tó mọ̀ yín. Ẹni tó bá gba iṣẹ́ ebè kíkọ, igba-igba ni wọ́n ń ka ebè fún un, ebè òní kò sì yàtọ̀ sí ti ọ̀la ju bí ilẹ̀ bá ṣe rọ̀ tàbí le sí lọ.

Ẹ wo ohun tó so àwọn mẹ́ta yìí pọ̀. Obìnrin yẹn ń wo ọsàn, ọsàn náà sì wà lókè níbẹ̀. Bírikìlà ti kọ́ irú yàrá bẹ́ẹ̀ láìmọye ìgbà. Ebè kan jọ èkejì. Fífojú bu ohun tó wà lójú, tàbí ohun tí a ti ṣe rí, ìmọ̀ gidi ni, a kò bá a jà. Bí wọ́n bá ní ká lọ gbé sọ́fítíwìà kan tó ti ń ṣiṣẹ́ sórí kọ̀ǹpútà ilé ìwé kẹwàá, a ó sọ ọjọ́ fún wọn láìfi ọ̀rọ̀ falẹ̀.

Kóòdù tuntun ni kò rí bẹ́ẹ̀, ìdí rẹ̀ kò sì le. Bírikìlà tó kọ́ yàrá kan lánàá gbọ́dọ̀ kó búlọ́ọ̀kù mìíràn jọ lónìí, kó tún po sìmẹ́ǹtì, kó tún to ògiri, bí yàrá tòní bá tilẹ̀ jọ tàná láti ìpìlẹ̀ dé òrùlé. Àwa kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bí a bá ti kọ ohun tí ẹ fẹ́ rí, a ó kàn dà á kọ ni, ìṣẹ́jú kan, ó parí. Ohun tó mú ká ní láti jókòó kọ ọ́ ni pé ẹnikẹ́ni kò tíì kọ ọ́ fún irú ilé ìwé tiyín, pẹ̀lú irú òfin tiyín. Apá tí a mọ̀ nínú iṣẹ́ náà kì í gba àkókò. Apá tí a kò mọ̀ ló ń gba gbogbo rẹ̀. Ẹ wá ń bi wá pé apá tí a kò mọ̀ yẹn, báwo ló ṣe tóbi tó! Ó dà bí ìgbà tí ẹ ní kí obìnrin ọlọ́sàn sọ iye apẹ̀rẹ̀ tí yóò jáde lórí igi tí ẹ kò tíì gbìn, lórí ilẹ̀ tí ẹ kò tíì rà.

Ẹ jẹ́ ká fi iṣẹ́ kan ṣe àpẹẹrẹ. Ilé ìwé kan ní agbègbè wa, a kò ní dárúkọ rẹ̀, fẹ́ sọ́fítíwìà tí yóò máa ṣírò èsì ìdánwò tí yóò sì máa tẹ káàdì èsì jáde. Wọ́n ní ìdánwò kéékèèké jẹ́ 40, ìdánwò ìparí sáà jẹ́ 60, ẹ rò wọ́n pọ̀, ẹ fi ipò sí i. Gbogbo àlàyé náà nìyẹn. A bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ ká kọ́kọ́ jókòó ti àwọn olùkọ́ fún ọjọ́ díẹ̀ ká tó dá ọjọ́ kankan. Wọ́n ní rárá o, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti tó, ṣebí kọ̀ǹpútà ló máa ṣe é. Àwọn fúnra wọn ló kọ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sínú ìwé àdéhùn.

Ó di ọ̀sẹ̀ kejì ká tó gbọ́ pé àwọn kíláàsì kékeré kì í lo 40 àti 60, pé 30 àti 70 ni tiwọn. Lẹ́yìn náà la gbọ́ pé ọmọ tó bá ṣàìsàn nígbà ìdánwò, wọn kì í fi ipò sórí káàdì rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ń kà á mọ́ iye ọmọ kíláàsì. Ọmọ tó dé ní sáà kejì ńkọ́, kí ni a ó fi ṣe èsì sáà kìíní rẹ̀ bí a bá fẹ́ ṣírò ti ọdún? Olùkọ́ kan ní kí a pín in sí méjì, olùkọ́ kejì ní kí a pín in sí mẹ́ta, ọ̀gá ní kí àwọn méjèèjì lọ bá ara wọn sọ ọ́. Àwọn ọmọ méjì wà ní kíláàsì kan náà tí orúkọ wọn dọ́gba láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Òjìji ìwé ìforúkọsílẹ̀ wọn kò tilẹ̀ sí, ojú ni olùkọ́ wọn fi ń dá wọn mọ̀. Kọ̀ǹpútà kò ní ojú.

Kò sí ọ̀kan nínú gbogbo èyí tó jẹ́ ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà. Òfin ilé ìwé ni. Kò sí nínú ìwé kankan, orí àwọn olùkọ́ ló wà, àwọn náà kò sì mọ̀ pé òfin ni títí a fi béèrè. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ nípa iṣẹ́ wa nìyí: títẹ kóòdù kọ́ ló ń gbà wá lákòókò, bí kò ṣe wíwá òfin tí ẹnikẹ́ni kò kọ sílẹ̀ rí. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pé, iṣẹ́ ku díẹ̀. Ni wọ́n bá na ìwé àdéhùn sí wa. Owó tó kù di ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀, ó ṣì jẹ́ ẹ̀bẹ̀ títí di òní, wọ́n sì ń fi sọ́fítíwìà náà tẹ káàdì jáde ní gbogbo sáà.

Ẹni tó bá rò pé ìwà ọmọdé ló ń ṣe wá, kó wo ibi tí owó àti ìrírí pọ̀ sí. Fred Brooks darí kíkọ OS/360 fún IBM, iṣẹ́ náà falẹ̀ kọjá ohun tí wọ́n rò, ó sì tẹ ìwé kan jáde lórí rẹ̀ ní 1975. Ohun tí ìwé náà fi lókìkí jù ni pé bí iṣẹ́ sọ́fítíwìà bá ti pẹ́, bí ẹ bá tún kó ènìyàn sí i, ńṣe ni yóò pẹ́ sí i. Ní 1979, Daniel Kahneman àti Amos Tversky fún àìsàn yìí ní orúkọ nínú ìmọ̀ ìrònú ẹ̀dá. Kahneman mọ ohun tó ń sọ: òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ísírẹ́lì ti jókòó kọ ìwé ẹ̀kọ́ fún àwọn ilé ìwé girama rí, olúkúlùkù fojú bù ú sí nǹkan bí ọdún méjì. Ọdún mẹ́jọ ni ìwé náà gbà. Ìwé ni wọ́n ń kọ o, kì í ṣe afárá.

Ṣùgbọ́n èyí tó kan àwa akẹ́kọ̀ọ́ gan-an ni ìwádìí tí Roger Buehler, Dale Griffin àti Michael Ross tẹ̀ jáde ní 1994. Wọ́n bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún ìkẹyìn 37 ní Kánádà pé ọjọ́ mélòó ló kù kí wọ́n tó parí próójẹ́ẹ̀tì wọn. Ìdáhùn wọn, bí a bá pín in dọ́gba, jẹ́ nǹkan bí ọjọ́ 34. Wọ́n tún bi wọ́n pé bí gbogbo nǹkan bá wá dojú rú pátápátá ńkọ́? Wọ́n ní nǹkan bí ọjọ́ 49. Ọjọ́ tó gbà wọ́n ní tòótọ́ lé ní 55. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa: àní èyí tí wọ́n fojú bù fún ìgbà tí ohun gbogbo bá bàjẹ́, kò tó. Àwọn tó parí lọ́jọ́ tí wọ́n dá kò tó ìdámẹ́ta. Kánádà nìyẹn o, níbi tí alábòójútó próójẹ́ẹ̀tì ti ń dáhùn lẹ́tà, tí ẹnikẹ́ni kì í sáré lọ ra epo jẹnẹrétọ̀ kí kọ̀ǹpútà tó kú.

Ìlọrà náà ti rí irú èyí rí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe nípa kọ̀ǹpútà. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn bẹ̀rẹ̀ àwọn oko ìtẹ̀dó ní nǹkan bí ọdún 1959 sí 1960, tí wọ́n wo àwòṣe àwọn abúlé àgbẹ̀ ilẹ̀ Ísírẹ́lì, Ìlọrà wà lára ibi tí wọ́n dá ọ̀kan sí. Wọ́n jókòó ní ọ́fíìsì ní Ìbàdàn, wọ́n ṣírò iye tí ilé, irinṣẹ́ àti ìtọ́jú ọ̀dọ́ kọ̀ọ̀kan yóò jẹ, àti ìgbà tí oko yóò bẹ̀rẹ̀ sí í san gbèsè. Nínú ètò náà lápapọ̀, owó tí ọ̀dọ́ kọ̀ọ̀kan jẹ pọ̀ ju bí wọ́n ti rò lọ, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ sì ti bá ọ̀nà tiwọn lọ kí èrè oko tó dé ọwọ́ wọn. A kò sọ pé èrò náà burú. Nọ́ńbà la ń sọ. Àgbẹ̀ tó bá nílẹ̀ ní Ìlọrà kì í ṣe irú ìṣirò bẹ́ẹ̀. Ó ro apá kan lọ́dún yìí, ó wo bí ilẹ̀ ṣe gbà, ó wo bí òjò ṣe rọ̀, ó fi díẹ̀ kún un lọ́dún tó ń bọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ti jáde ní yunifásítì, ẹ̀yin gan-an lẹ mọ ìfojúbù tó tóbi jù lọ ní ayé akẹ́kọ̀ọ́. Ìwé ìgbaniwọlé yín sọ pé ọdún mẹ́rin, tàbí márùn-ún. Ìyanṣẹ́lódì ASUU ti 2020 bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹta, kò parí títí di oṣù Kejìlá. Ti 2022 bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 14 oṣù Kejì, ó parí ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá. Ta ló wá mú ìwé ìgbaniwọlé yín, tó na ìka sí "ọdún mẹ́rin", tó ní ẹ ti da àdéhùn? Kò sí. Gbogbo ayé gbà pé ohun tí ẹnikẹ́ni kò rí tẹ́lẹ̀ ló ṣẹlẹ̀. Kí ló dé tí àánú yẹn kì í dé ọ̀dọ̀ ọmọ tó ń kọ kóòdù?

Àwọn ẹ̀gbọ́n wa kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Èkó ti fún wa ní ìmọ̀ràn: ohunkóhun tí ẹ bá fojú bù, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́ta. Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ṣùgbọ́n ìlọ́po mẹ́ta ohun tí a kò mọ̀ ṣì jẹ́ ohun tí a kò mọ̀. Àwa náà sì mọ ara wa. Iṣẹ́ àṣetiléwá tí olùkọ́ fún wa ní ọ̀sẹ̀ méjì láti ṣe, òru ọjọ́ ìkẹyìn la ń ṣe é. Northcote Parkinson ti sọ ọ́ láti 1955 pé iṣẹ́ máa ń fẹ̀ dé ibi tí àkókò rẹ̀ bá fẹ̀ dé. Àwọn ẹ̀gbọ́n kan náà ló ń sọ fún wa pé níbi iṣẹ́ wọn, wọn kì í dá ọjọ́ mọ́, "points" ni wọ́n fi ń díwọ̀n iṣẹ́. Ron Jeffries, ọ̀kan nínú àwọn 17 tó kọ ìwé Agile ní 2001, ti sọ pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òun ló dá "points" sílẹ̀, àti pé bó bá jẹ́ òun ni lóòótọ́, ó dun òun. Ẹ fi ìyẹn ránṣẹ́ sí ọ̀gá yín.

Pé nọ́ńbà yìí ń ṣìnà kọ́ ló bí wa nínú jù. Ohun tó ń ṣe sí ọjà wa ni. Ẹ fojú inú wo ọmọ mẹ́ta tó lọ bá onílé ìwé kan lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan. Àkọ́kọ́ ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, a kò tíì lè mọ̀." Èkejì ní oṣù méjì. Ẹ̀kẹta ní ọjọ́ mẹ́wàá. Ta ni yóò gba iṣẹ́? Ọlọ́jọ́ mẹ́wàá ni. Yóò gba àsansílẹ̀, oṣù kẹta yóò pé, kò ní parí, onílé ìwé kò ní lè lé e nítorí owó rẹ̀ ti wọlé. Lẹ́yìn èyí, onílé ìwé yóò ní oníjìbìtì ni gbogbo ọmọ tó ń gbé kọ̀ǹpútà kiri. Ní Afijió yìí tí gbogbo wa mọ ara wa, ọ̀rọ̀ náà yóò ti dé ilé ìwé kejì kí ilẹ̀ tó ṣú, iṣẹ́ tó yẹ ká ṣe nílé yóò sì bọ́ sí ọwọ́ àwọn ará Ìbàdàn tí wọn kì í gbé foonù bí nǹkan bá bàjẹ́. Ẹni tó sọ òótọ́ ni ìbéèrè yẹn kọ́kọ́ ń lé kúrò.

Àwọn oníbàárà wa yóò ní: ó dáa, ṣùgbọ́n owó kì í tinú afẹ́fẹ́ jáde, bí a kò bá mọ ọjọ́, báwo la ó ṣe mọ ohun tí a ó tọ́jú? Ìbéèrè gidi nìyẹn, a kò fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ya gbèdéke sọ́tọ̀ kúrò lára ìfojúbù. Bí ilé ìwé bá ní ọjọ́ tí sáà parí ni káàdì èsì gbọ́dọ̀ jáde, gbèdéke nìyẹn, a gbà á. Ẹ ti mọ ọjọ́ náà, ẹ kò nílò kí a sọ ọ́ fún yín. Ohun tó kù ká jíròrò ni ohun tí yóò ti wà nínú sọ́fítíwìà nígbà tí ọjọ́ bá pé. A lè kọ́kọ́ ṣe èyí tó ń ṣírò, kí káàdì má tíì lẹ́wà. A lè fi ipò sílẹ̀ di sáà kejì. Bí ẹ bá di ọjọ́ mú, ẹ jẹ́ kí iṣẹ́ dínkù. Bí ẹ bá di iṣẹ́ mú, ẹ jẹ́ kí ọjọ́ sún. Ẹni tó di ọjọ́ mú, tó di iṣẹ́ mú, tó tún di owó mú, ohun kan ṣoṣo ló kù tí a lè gé: èyí tí kò lè fojú rí. A kò ní yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. A kò ní tọ́jú ẹ̀dà èsì síbòmíràn. Lọ́jọ́ tí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì bá kú, èsì àwọn ọmọ yóò bá a lọ, kò sì sí ẹni tí yóò rántí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n fi ipá kọ sínú ìwé.

Láti 2012 ni Woody Zuill àti àwọn mìíràn ní òkè òkun ti ń sọ ọ́ pé a lè ṣiṣẹ́ sọ́fítíwìà láìfojú bù ú, wọ́n sì ti bú wọn dáadáa nítorí rẹ̀. Àwa ti dán an wò pẹ̀lú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan. A kò dá ọjọ́ fún wọn. A ní kí wọ́n máa san owó ọ̀sẹ̀ kan-kan, bí ẹni ń dá àjọ. Gbogbo ọjọ́ Ẹtì, a ó fi ohun tó ti ń ṣiṣẹ́ hàn wọ́n, wọ́n sì lè ní ká dúró lọ́sẹ̀ tó bá wù wọ́n, ohun tí a ti ṣe di tiwọn. Ọ̀sẹ̀ kìíní, orúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ àti owó ìfipamọ́ wọn nìkan ló wà níbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kejì, akọ̀wé ní kí a fi ẹni tó dúró fún ẹlẹ́yàwó kún un, nítorí ibẹ̀ ni ìjà ti máa ń ṣẹlẹ̀. Kò sọ ìyẹn lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ pàdé. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ karùn-ún, wọ́n ní ó ti tó wọn báyìí, pé àwọn kò nílò apá tó ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ mọ́, èyí tó jẹ́ pé òun gan-an ni wọ́n tìtorí rẹ̀ pè wá. Bí a bá ti fojú bù ú lọ́jọ́ kìíní, a ì bá ti gba owó lórí ohun tí wọn kò nílò, a kì bá sì ti ṣe èyí tí wọ́n nílò.

Ìwé àdéhùn tí a lò fún wọn kò ju ìdajì ojú ewé lọ: owó ọ̀sẹ̀ kan, ohun tí a ó kọ́kọ́ ṣe, ẹni tí a ó máa fi iṣẹ́ hàn ní ọjọ́ Ẹtì, àti bí ẹnikẹ́ni nínú wa ṣe lè dá a dúró. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ̀dà rẹ̀ kó béèrè lọ́wọ́ wa. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ wa tí ẹ ó padà sílé ní ìsinmi tó ń bọ̀, ní Awẹ́, ní Jọ́bẹlẹ̀, níbikíbi, ẹ̀bẹ̀ kan la ní sí yín: bí onílé ìwé kan bá sọ fún yín pé àwọn ọmọ Fìdítì kọ̀ láti dá ọjọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún un pé ọjọ́ mẹ́wàá.